Kí ló dé tí ẹyẹ igbó fi ń fi eruku wẹ̀?

Ọmọ Olóko:

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá síwájú yín. Létí ọ̀nà oko, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, kòtò roboto-roboto pọ̀ síbẹ̀. Èyí tó fẹ̀ jù nínú wọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kò sì jìn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Inú rẹ̀ dán bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ pa á, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ sì kúnná bí èlùbọ́. Ìyẹ́ àparò kan tàbí méjì kì í wọ́n níbẹ̀, ipasẹ̀ oníka mẹ́ta sì yí i ká. Lábẹ́ òrùlé abà, níbi tí òjò kì í dé, irú rẹ̀ tún wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ju ẹnu ife tíì lọ, mẹ́fà méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ológoṣẹ́ ló ni ìyẹn.

Tó bá ti di ọwọ́ ọ̀sán, wọ́n á kó wọnú kòtò wọ̀nyí, wọ́n á máa yíràá, wọ́n á máa da eruku bo ara wọn títí ẹ kò fi ní rí wọn mọ́.

Kí ni eruku ń fọ̀ kúrò lára wọn, nígbà tó jẹ́ pé eruku gan-an làwa ń fi omi fọ̀ kúrò lára tiwa? Ṣé iná ló ń jẹ wọ́n ni, àbí ooru ló mú wọn? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹyẹ tó ń wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn? Ṣé a sì lè ṣe ibi ìwẹ̀ fún wọn, kí wọ́n yé tú ebè ewédú ká? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa là mí lóye.


Olùṣọ́ Ẹyẹ:

Ẹ káàbọ̀. Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni kí a ti mú un: òróró ni eruku ń fà kúrò lára ẹyẹ.

Ẹni tó bá ti tún adìẹ ṣe rí nílé ìdáná á mọ kókó kan lókè ìdí adìẹ, níbi tí ìrù ti hù jáde. Orí rẹ̀ ṣóńṣó bí orí ọmú, inú rẹ̀ pín sí méjì, ọ̀rá tó wà níbẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gé e sọnù torí òórùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyẹ ti ń rí òróró ìpara. Á yí ọrùn sẹ́yìn, á fi ẹnu tẹ orí kókó náà, á sì máa fi òróró tó bá jáde pa ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òróró yìí ló ń jẹ́ kí ìyẹ́ rọ̀, kó má tètè ṣẹ́, kí omi má sì tètè ráyè wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n òróró tó bá pẹ́ lára a máa ki, a sì máa lẹ̀. Á pò mọ́ èépá ara, ìhùùhù tó wà nísàlẹ̀ ìyẹ́ á wá lẹ̀ mọ́ra wọn bí òwú tí omi ọbẹ̀ dà sí. Ìhùùhù yìí ló ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ara ẹyẹ. Bó bá ti lẹ̀ pọ̀, òtútù àárọ̀ á ráyè wọlé, oòrùn ọ̀sán náà á ráyè wọlé. Bákan náà ni ìyẹ́ apá rí. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló para pọ̀ di ìyẹ́ kan, ìkọ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló so fọ́nrán wọ̀nyí mọ́ra. Tí òróró àtijọ́ bá dí àwọn ìkọ́ náà, ìyẹ́ á máa ya, fífò á sì nira.

Eruku gbígbẹ ni ọṣẹ wọn. Ẹ wò ó bí ìgbà tí epo pupa bá dà sílẹ̀ nílé ìdáná, tí a bu eérú lé e. Eérú á mu epo, a ó sì gbá méjèèjì dànù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eruku ń ṣe lára ẹyẹ: á wọ àárín ìyẹ́ títí dé awọ, á mu òróró tó ti pẹ́, ẹyẹ á sì gbọn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ tó bá ti inú eruku jáde fi máa ń lọ jókòó síbì kan, tí á máa fi ẹnu to ìyẹ́ rẹ̀, tí á sì tún fi òróró tuntun pa á.

Wọ́n ti gbé e yẹ̀ wò. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974 lo bobwhite, ẹyẹ tó jẹ́ ìbátan àparò. Nígbà tí wọ́n gba eruku lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ náà, òróró ara ìyẹ́ wọn ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n dá eruku padà fún wọn, ó lọ sílẹ̀. Lọ́dún 1987, àwọn olùwádìí ní Netherlands rí ohun tó jọ ọ́ lára àgbébọ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo àparò tàbí adìẹ lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ náà ní ètò. Á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á fi ẹnu wọ́ iyẹ̀pẹ̀ sábẹ́ àyà ara rẹ̀. Á lóṣòó, á wú gbogbo ìyẹ́ sókè, á wá máa gbọn apá méjèèjì sókè sódò kíákíá, kí eruku lè fẹ́ gba àárín ìyẹ́ wọlé. Lẹ́yìn tó bá ti da eruku tó, á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ kan síta, á máa fi orí àti ọrùn ra iyẹ̀pẹ̀, á sì pa ìyẹ́ dé mọ́ra kí eruku tó ti wọlé lè kan awọ dáadáa. Nígbà mìíràn á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó ti sùn lọ. Á tún bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn á dìde dúró, á wú ìyẹ́, á gbọn ara rẹ̀ gìrìgìrì, eruku á sì bo ojú ibẹ̀ bí èéfín.

Ti adìẹ máa ń gba ìṣẹ́jú 20 sí 30, ní nǹkan bí ọjọ́ méjì-méjì síra wọn, ọ̀sán ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ ló ń pè wọ́n síbẹ̀. Ti ológoṣẹ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn láti jọ ṣe é, wọ́n á sì máa lé ara wọn kúrò nínú kòtò.


Ìyá Eléyin:

Ẹ ṣeun, Olùṣọ́ Ẹyẹ, àlàyé yín yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ iná sẹ́yìn o. Ẹni tó ń sin adìẹ mọ̀ pé adìẹ tí kò ríbi yíràá, iná á bò ó.

Ẹ gbé adìẹ dání, ẹ ya ìyẹ́ abẹ́ apá àti àyíká ihò ìdí rẹ̀. Tí iná bá wà, ẹ ó rí i tó ń sáré sá fún ìmọ́lẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyẹ̀fun gàrí. Ẹyin rẹ̀ ni nǹkan funfun tó di ṣùkù mọ́ ìdí ìyẹ́. Tó bá jẹ́ àwọn kòkòrò tíntìntín tó dà bí eruku dúdú ló pọ̀ níbi ihò ìdí, tí ìyẹ́ ibẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n ta tádà sí, irú mìíràn nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Ẹyin á dín kù, ogbe adìẹ á funfun.

Eérú ni mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ìwẹ̀ wọn. Ohun tí àwọn àgbà fi ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má bà á jẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe lára adìẹ: ó ń yọ ọ̀rá ara kòkòrò, omi ara rẹ̀ á gbẹ, á kú.


Olùṣọ́ Ẹyẹ:

Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ, mo kàn fẹ́ fi ìwọ̀n sí i ni. Irú eruku ló ń pinnu bóyá iná á kú tàbí kò ní kú. Iyanrìn nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ran kòkòrò. Wóró rẹ̀ tóbi, á kàn bọ́ sílẹ̀ ni. Ohun tó kúnná tó sì ń fa ọ̀rá ló ń ṣiṣẹ́.

Ní yunifásítì California tó wà ní Riverside, wọ́n gbé àpótí ìwẹ̀ fún àwọn àgbébọ̀, ìwádìí náà sì jáde lọ́dún 2012. Wọ́n po iyanrìn mọ́ kaolin, ìyẹn irú amọ̀ funfun tí wọ́n fi ń ṣe ẹfun. Wọ́n po òmíràn mọ́ diatomaceous earth, ìyẹn eruku kúnná tó wá láti ara èèpo àwọn ohun tíntìntín tó ti gbé inú omi rí. Wọ́n sì po òmíràn mọ́ imí ọjọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kòkòrò tó wà lára àwọn adìẹ tó wọ àpótí náà ti lọ sílẹ̀ ní ìdá 80 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Imí ọjọ́ tiẹ̀ dín kòkòrò kù lára àwọn tí kò wọlé wẹ̀ rárá. Àwọn méjì yòókù kò ran ẹni tí kò bá wẹ̀.

Kòkòrò kan tún wà tí ìwẹ̀ kankan kì í ká. Pupa ni, inú ihò pákó àti ìsopọ̀ igi tí adìẹ ń wọ̀ sí ló ń sùn lọ́sàn-án, òru ló ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá yẹ ara adìẹ wò lọ́sàn-án, ẹ kò ní rí i. Ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi náà lóru. Tí aṣọ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹ ti rí i. Igi yẹn lẹ ó fọ̀, tí ẹ ó sì fi omi gbígbóná dà sí ihò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru tí Ọmọ Olóko bi: ilẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ díẹ̀ lábẹ́ ibòji máa ń tutù, adìẹ sì máa ń sùn sínú rẹ̀ torí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwẹ̀ yàtọ̀ sí ìtura. Òwe wa ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe dára gan-an fún ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn, àmọ́ ẹyẹ kò ní ibi tí òógùn ti ń jáde lára. Ẹnu ló ń yà, tí á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ kí omi ọ̀fun rẹ̀ lè gbé ooru jáde. Tí ẹ bá rí ẹyẹ tó la ẹnu, tó sì na apá sílẹ̀, òun ni ooru mú.


Àdùkẹ́ London:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé gbogbo ẹyẹ ló ń ṣe é? Àwọn ẹyẹlé tó wà lójú pópó níbí, omi ni mo rí i pé wọ́n máa ń wọ̀. Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọgbà ẹ̀yìnkùlé kékeré lè gba irú kòtò yìí fún àwọn ológoṣẹ́.


Olùṣọ́ Ẹyẹ:

Rárá o, àǹtí, kì í ṣe gbogbo wọn. Àparò, ẹtù, adìẹ, tòlótòló, ògòǹgò àti ológoṣẹ́ wà nínú àwọn tó ń fi eruku wẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹyẹ ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, omi ìwẹ̀ kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ológoṣẹ́ ń ṣe méjèèjì. Omi ni pẹ́pẹ́yẹ ń lò. Ẹyẹlé, odídẹrẹ́ àti lékeléke ní tiwọn ní àtíkè lára: ìyẹ́ kan wà lára wọn tó ń lọ̀ di lẹ́búlẹ́bú fúnra rẹ̀, ó sì ń ran ìyẹ́ yòókù lọ́wọ́ láti mọ́. Ẹni tó bá ti gbá ilé tí odídẹrẹ́ wà á mọ lẹ́búlẹ́bú funfun yẹn dáadáa.

Ẹ ṣe é o, àǹtí, ọgbà kékeré gbà á. Ológoṣẹ́ ti wà nínú àkọsílẹ̀ pupa ní Britain, ìyẹn ti àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn le jù, láti ọdún 2002 nítorí pé iye wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an, ọgbà tí wọ́n sì fi òkúta tẹ́ látòkè délẹ̀ kò fi ilẹ̀ kankan sílẹ̀ fún wọn. Igun kan tí oòrùn ń dé, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú lóròó, ti tó. Òjò ìlú yín ni ìṣòro: ẹ fi pákó kan dábùú rẹ̀ bí òrùlé, kí ilẹ̀ má bàa di ẹrẹ̀. Kí ibẹ̀ sì jìnnà tó mítà méjì sí ibi tí ológbò lè lúgọ sí, nítorí ẹyẹ tó ti wú ìyẹ́, tí eruku kún ojú rẹ̀, kì í tètè fò.


Dókítà Ẹran:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè àìsàn. Ẹyẹ tó ń wẹ̀ á yan ibi gbígbẹ, á ha ilẹ̀, á da eruku. Tí ẹ bá súnmọ́ ọn, á fò dìde, á gbọn ara, á sì lọ. Ẹyẹ tó ń yá oòrùn kò ní da eruku rárá, á kàn na apá kan sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ẹyẹ aláìsàn á wú ìyẹ́ lójú kan, á di ojú, tí ẹ bá súnmọ́ ọn kò ní lè dúró dáadáa. Tí ọrùn rẹ̀ bá lọ́ sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ rọ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì dà bí ewé, lúkúlúkú ni kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ ya àwọn yòókù sọ́tọ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ pe dókítà ẹran.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn olóko adìẹ. Àgbébọ̀ tó wà nínú kéèjì wáyà náà ń wẹ̀. Á lóṣòó lórí wáyà, á gbọn apá, á fi ẹ̀gbẹ́ ra wáyà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí eruku kankan níbẹ̀. Òróró ara rẹ̀ kò dín kù, nítorí náà á tún bẹ̀rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó dun èèyàn láti wò. Irú àkíyèsí báyìí wà lára ohun tó mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù (EU) ṣòfin lọ́dún 1999 pé kéèjì lásán gbọ́dọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pátápátá ní January 2012. Wọ́n ní adìẹ gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti lè ha ilẹ̀.

Ohun tó máa ń ba ibi ìwẹ̀ jẹ́ kò ju mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa ẹyẹ.

Èyí tó burú jù ni omi. Eruku tó bá tutù kò lè mu òróró, á kàn di ẹrẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ni. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbẹ́ tó bá bọ́ sínú ilẹ̀ tútù lóoru ni coccidiosis ti ń gbilẹ̀, àìsàn tó ń mú kí òròmọdìẹ máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin kòkòrò àìsàn náà ti pọ́n tó láti wọ ara ẹlòmíràn. Ibi gbígbẹ kì í fún un láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ máa ṣa ìgbẹ́ kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má sì ṣe da oúnjẹ sínú ibi ìwẹ̀ láé, torí ẹyẹ á máa jẹ ìgbẹ́ mọ́ àgbàdo, eku á sì tẹ̀ lé àgbàdo, ejò á tẹ̀ lé eku.

Ilẹ̀ tó gbẹ náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Kòkòrò dúdú kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ogbe àti àyíká ojú adìẹ, á dúró síbẹ̀ gbọin bí ìgbà tí wọ́n kan ìṣó wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Ọmọ rẹ̀ ń dàgbà nínú iyanrìn gbígbẹ. Tí ẹ bá rí i, ẹ kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ibi ìwẹ̀ náà jáde, ẹ gbé ibẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ má ṣe fi tipátipá fa kòkòrò náà já. Ẹ fi ọ̀rá òrí pa á, kò ní lè mí mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe da ọ̀tápíápíá, kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì mọ́tò sínú ibi ìwẹ̀. Oró náà ń gba awọ wọlé, ó ń gba imú wọlé, ó sì ń dé inú ẹyin tí ọmọ yín fẹ́ jẹ. Bákan náà ni sìmẹ́ńtì: tó bá kan omi ojú tàbí omi ọ̀fun ẹyẹ, á jó o. Ẹ má sì bu iyẹ̀pẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò, nítorí òjé tó wà níbẹ̀ kì í kúrò nínú ilẹ̀, adìẹ ń jẹ ẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀.


Ìyá Eléyin:

Dókítà, Olúwa á bù kún yín. Lórí eérú, mo fẹ́ fi èyí kún un kí ẹnikẹ́ni má ṣìṣe. Eérú igi lásán ni kí ẹ lò, tó ti tutù pátápátá, tí ẹ ti fi asẹ́ gàrí sẹ́ kúrò nínú èédú. Ẹ má lo eérú èèpo kòkó, òun la fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Tí omi bá kàn án, ó le ju ohun tí awọ adìẹ lè gbà lọ. Ẹ má lo eérú pákó tí wọ́n kùn, tàbí ibi tí ọ̀rá àti táyà ti jóná.

Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ fún àpótí adìẹ nìyí. Àpótí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú lóròó, tí ògiri rẹ̀ ga tó 30 kí eruku má bàa dà síta. Ẹ mú garawa lítà 10: iyanrìn odò gbígbẹ garawa méjì, ilẹ̀dú tí ẹ sẹ́ garawa méjì, eérú garawa kan. Á kún tó sẹ̀ǹtímítà 14. Adìẹ méjì lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tó adìẹ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Iyanrìn etí òkun ní iyọ̀, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sá a. Tí ilẹ̀ yín bá jẹ́ amọ̀, yóò dì bí bíríkì lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí amọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ó kúnná tó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, kí ẹ ya ìka. Tó bá ṣàn gba àárín ìka jáde bí gàrí gbígbẹ, ó dára. Tó bá di ìṣù lọ́wọ́, ẹ tún un sá sóòrùn. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe dà á ni gbogbo rẹ̀ fò sókè tó ń wọ yín nímú, eérú ti pọ̀ jù, ẹ fi iyanrìn kún un. Ẹ di imú yín nígbà tí ẹ bá ń pò ó.


Ọmọ Olóko:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Ó kù kan: ti àparò lórí ebè. Kò sí bí mo ṣe lè gbé àpótí fún ẹyẹ igbó.


Olùṣọ́ Ẹyẹ:

Ẹyẹ tí òwe ti so mọ́ ebè tipẹ́ ni, ẹ ò ní fi igbe lé e lọ. Ẹ mọ ohun tó ń wá: ilẹ̀ tí ọkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tó gbẹ, tó rọ̀. Ẹ gba gbígbẹ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ebè, kí ẹ sì fún un níbòmíràn.

Lórí ebè, ẹ bu omi rin ín láàárọ̀, kí ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ọyẹ́ má bàa gbẹ ojú ilẹ̀ náà kó tó di ọ̀sán tí wọ́n máa ń wá. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún irúgbìn ewédú, imọ̀ ọ̀pẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ lé e, kí ẹ ká a kúrò nígbà tí ó bá hù jáde. Ẹ má ṣe fi àwọ̀n tó rọ̀ bò ó, ọrùn ẹyẹ máa ń há sí i.

Níbòmíràn, ẹ wá ojú ilẹ̀ kan létí oko, níhà tí àwọn kòtò yẹn ti wà tẹ́lẹ̀, torí ibi tí àparò bá ti mọ̀ ló máa ń padà sí. Ẹ gbẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 90 níbùú lóròó, kó jìn tó 15. Garawa lítà 10 méjìlá ló máa gbà: iyanrìn márùn-ún, ilẹ̀dú márùn-ún, eérú méjì. Kí igbó ṣúúrú kan wà ní mítà méjì sí márùn-ún sí i, kí ó rí ibi sá wọ̀ tí àṣá bá bọ̀, ṣùgbọ́n kí koríko tó yí ibẹ̀ ká kúrú, kó lè rí ohun tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Tí òjò bá ti ṣú, ẹ fi páànù bò ó. Tí ó bá dá, ẹ ká a kúrò, ẹ fi ọkọ́ tú ojú ilẹ̀ náà díẹ̀.

Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbà á. Ẹ má rìn ín léraléra láàárín agogo mọ́kànlá sí agogo mẹ́ta. Mo sì bẹ̀ yín gidigidi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ tàkúté síbẹ̀. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé ibi ìwẹ̀ ni àparò kì í yé wá, nítorí náà kòtò kan ṣoṣo lè kó gbogbo ọ̀wọ́ àparò oko kan tán.


Ọmọ Olóko:

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Imọ̀ ọ̀pẹ wà nílẹ̀, eérú igi náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ilẹ̀dú ni mo máa sẹ́ lọ́la.